Ẹ̀wù Òjò Olówó Gọbọi tí Struan Fọ̀ Nítorí Fọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì lè sáré lọ ra ohun tí kò yẹ kó rà.

1.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Struan Geddes ní ilẹ̀ Scotland. Àwọn òkè tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ igba ó lé méjìlélọ́gọ́rin, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Struan fi ń gùn wọ́n, tó ń fàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo: Càrn Ruadh.

Ṣé ẹ mọ àṣà wọn? Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè tó kẹ́yìn kì í dá lọ. Tẹbí tọ̀rẹ́ ló máa ń bá a gòkè. Tí wọ́n bá dé orí rẹ̀, wọ́n á na ọ̀pá ìrìn wọn sókè, ẹni náà á gba abẹ́ ọ̀pá kọjá lọ fọwọ́ kan òkìtì òkúta tí wọ́n kó jọ sí ténté òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ kéèkì. Fọ́tò yìí ni Struan ń lá lálàá. Ó tiẹ̀ ti kan ìṣó tó máa fi í kọ́ mọ́ ògiri ilé ọtí àdúgbò.

2.
Ẹ̀wù òjò rẹ̀ ti gbó, ló bá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Effie ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí, inú ọkọ̀ ló ti ń ta ẹja. Effie fa ẹ̀wù ọdún tó kọjá kan yọ, ogójì pọ́n-ùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n jù. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ wò bóyá wọ́n lẹ téèpù mọ́ gbogbo rẹ̀ kí omi má bàa gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ó wọ̀ ọ́ lé súwẹ́tà, ó fa fìlà ara ẹ̀wù náà borí, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bóyá kò ní bo òun lójú. Ó tún mú ṣòkòtò òjò kún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀wù nìyẹn àbí ọ̀rá búrẹ́dì?"

"Ọ̀rá búrẹ́dì kì í jẹ́ kí omi kan búrẹ́dì," ni Effie fèsì.

Struan ra ti irínwó pọ́n-ùn, pupa fòò, torí ó máa yọ dáadáa nínú fọ́tò. Owó ṣòkòtò òjò kò ṣẹ́kù mọ́. Ó ní, "Ta ló ń wo ẹsẹ̀ nínú fọ́tò?"

3.
Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa gun òkè náà ku ọ̀la, ó rí ẹrẹ̀ díẹ̀ lápá ẹ̀wù náà. Ó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó da ọṣẹ lé e, ó sì tún da omi olóòórùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ sí i.

Ishbel ìyàwó rẹ̀ pariwo: "Ka ohun tí wọ́n kọ sọ́rùn ẹ̀wù yẹn o! Wọ́n ní ká má fi nǹkan olóòórùn fọ̀ ọ́."

"Èmi tí mo ti gun òkè igba ó lé ọ̀kànlélọ́gọ́rin? Ṣé ìwé pélébé ló máa wá kọ́ mi?"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ṣé ẹ ti rí bí omi ṣe ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò, tí kì í wọ inú ewé? Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹ̀wù òjò tó dáa ṣe rí. Omi olóòórùn yẹn máa ń bo ara ẹ̀wù náà, omi òjò kò sì ní yí lórí rẹ̀ mọ́, ńṣe ni ẹ̀wù á máa mu ún. Kì í ṣe irínwó pọ́n-ùn ló ń lé omi.

4.
Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló gbéra lọ sí Càrn Ruadh, pẹ̀lú Bracken, ajá Struan. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, òjò dé pẹ̀lú atẹ́gùn. Lára Effie, omi ń yí bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀wù Struan ń mu tirẹ̀ bí kànrìnkàn, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ itan.

"Struan, o ń ta sánsán bí ọmọ tuntun," ni Effie wí. Ó fa ẹ̀wù rọ́bà tó fi ń ta ẹja yọ nínú àpò. "Gba èyí."

"Kí n fi òórùn ẹja ya fọ́tò?"

"Fọ́tò kì í rùn, arákùnrin!"

Ó kọ̀. Nígbà tó máa fi ku nǹkan bí igba ìṣísẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fa síìpù mọ́. Effie dá a dúró.

"Pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ fún mi."

"Rory... Morven... Bracken."

Effie gbọ́ orúkọ ajá láàárín orúkọ ọmọ. Ó mọ̀ pé òtútù ti dé ọpọlọ àbúrò òun, irú òtútù tí ń pa èèyàn. Ó bọ́ ẹ̀wù pupa náà lọ́rùn rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù ẹja fún un tipátipá.

"A ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́! Òkè náà nìyẹn! Mo ń rí i!"

"Òun náà ń rí ẹ. Kò ní sá lọ."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìsàlẹ̀, ara Struan ti ń móoru, ó sì ń sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ní kí àwọn yòókù máa gòkè lọ, nítorí kéèkì.

5.
Fọ́tò náà wà lára ìṣó ilé ọtí yẹn títí dòní. Èèyàn mẹ́rìnlá na ọ̀pá sókè, kéèkì ti kún ẹnu wọn. Ẹni tó ń gba abẹ́ ọ̀pá kọjá pẹ̀lú ìyangàn ni Bracken.

Bí Struan bá ti sọ pé ó ku òkè kan péré, àwọn ará ilé ọtí á bi í pé: "Ajá rẹ ńkọ́?"

Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí o bá fẹ́ ra ẹ̀wù òjò, má ṣe béèrè bóyá ó máa yọ nínú fọ́tò. Yí inú rẹ̀ síta, wo ojú rírán rẹ̀, dán fìlà rẹ̀ wò, rí i pé owó ṣòkòtò ṣẹ́kù, kó o sì ka ohun tí wọ́n kọ sọ́rùn rẹ̀ kó o tó fọ̀ ọ́. Tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá sì na ẹ̀wù tó ń rùn sí ọ nínú òjò, wọ̀ ọ́ kíákíá. Ó sàn kó o dé orí òkè kó o máa rùn bí ẹja, ju kí ajá rẹ lọ gba abẹ́ ọ̀pá dípò rẹ.