Adìyẹ Tó Ń Jẹ Oúnjẹ Olóògbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ bá kà á kan ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ nínú yàrá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tí ikú ìyá yín ṣì ń dùn wọra, ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

1.

Ní Máfolúkù, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí ilé, ni Fàósátù àti ìyá rẹ̀, Àlàájà Àjíbíkẹ́, jọ ń gbé. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Abọ́ ni Àlàájà ń tà ní Ọ̀ṣòdì kí ara tó kọ̀, tí Fàósátù fi gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá màmá wólẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀ mọ́. Fàósátù gbọ́, ó sì dúró lé ọ̀rọ̀ náà gbọn-in.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fàósátù, jẹ́ kí n tọ́ iyọ̀ wò. Díẹ̀ péré."

Ọjà ti gba gbogbo agbára Fàósátù lọ́jọ́ náà. Ó jágbe mọ́ ọn: "Màmá, ẹ ṣàánú mi! Àbí ẹ fẹ́ kú ni?"

Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dákẹ́.

2.

Lọ́jọ́ fídáù, wọ́n ra àwọn adìyẹ tí wọ́n máa sè fún àlejò. Abo pupa kan já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ. Kò sá lọ sí títì o. Ó rọra gba àárín èrò kọjá, ó wọ yàrá Àlàájà, ó gun orí awọ ìkírun rẹ̀, ó sì jókòó. Ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ní òun ò ní fọwọ́ òun kan adìyẹ yẹn.

Mardiyah, àbúrò Fàósátù tó ń gbé ní Jakande, rẹ́rìn-ín. "Ariwo ló lé e wọlé, àǹtí mi. Ẹ̀rù ń bà á ni."

Ṣùgbọ́n Fàósátù ti ń sunkún. Lójú tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló padà wálé.

3.

Bó ṣe di pé adìyẹ ń gbé yàrá nìyẹn. Mardiyah ra oúnjẹ rẹ̀ wá nínú ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń fún adìyẹ tó ń yé: àgbàdo lílọ̀, ẹ̀wà sóyà, àti ìkarahun gígún kí èèpo ẹyin lè le. Adìyẹ náà ń ṣà á jẹ wàrà-wàrà. Fàósátù gbá oúnjẹ náà jọ, ó dà á nù.

"Ṣé irú eléyìí lo fẹ́ máa gbé fún Màmá?"

"Subuhánà-Lláhì! Àǹtí mi, adìyẹ lèyí o. Sàréè ni Màmá wà. Ẹ fún un ní oúnjẹ adìyẹ, ẹ gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí."

Fàósátù ò gbọ́. Búrẹ́dì tó rẹ sínú ọbẹ̀ ló ń fún un, àti ẹja oníyọ̀ tí Àlàájà fẹ́ràn. Yóò tún bu iyọ̀ wọ́n ọn lórí, yóò wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: "Màmá, ẹ jẹun. Iyọ̀ yín ti dé." Lákọ̀ọ́kọ́, adìyẹ kọ̀ ọ́. Nígbà tí ebi pa á, ó jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà nínú yàrá yẹn. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni Fàósátù yóò ti máa gbọ́ ẹnu adìyẹ nínú abọ́ omi: kó, kó, kó. Bó ti ń bu omi sí i ló ń gbẹ. Adìyẹ kì í lọ sójú fèrèsé mọ́. Orí awọ ló ń jókòó sí, ó dojú kọ ibi tí Àlàájà máa ń dojú kọ tó bá ń kírun. Tí bàálù bá kọjá tí ògiri ń gbọ̀n, kì í mira. Ọjọ́ kan ó yé ẹyin kan tí kò ní èèpo. Awọ lásán ni, ó gbóná, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́wọ́ Fàósátù bí ohun tó ní ẹ̀mí. Mardiyah rí i, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Iyọ̀ yẹn ló ń ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mi."

"Má fọwọ́ kàn án! Mi ò tún ní fi iyọ̀ du ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì."

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, Fàósátù gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Bó ṣe ń padà wọlé, adìyẹ náà fẹ́ dìde lórí awọ. Ẹsẹ̀ òsì kọ̀, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Apá òsì já wálẹ̀. Ó wó, omi sì ń kán ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Fàósátù sáré sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi lélẹ̀ lọ́jọ́ tí àìsàn dá a wólẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣe ń kán lẹ́nu Màmá lọ́jọ́ náà. Ó pariwo "Màmá!" ó kúnlẹ̀, ó na abọ́ ẹja sí i. Adìyẹ náà yí ojú kúrò níbẹ̀. Omi ló ń na ọrùn sí, kò sì lè dé ibẹ̀. Orí awọ ìkírun ló kú sí.

Nígbà tí Mardiyah wọlé, Fàósátù ṣì kúnlẹ̀. "Iyọ̀ tí mo fi du Màmá," ló ń wí, "ohun tó ń ṣe nìyí. Mardiyah, mi ò pa Màmá. Eléyìí ni mo pa."

Ó ti kó kúrò nínú yàrá náà báyìí. Síbẹ̀, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, níbi tí kò sí abọ́ kankan: kó, kó, kó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Adìyẹ tí ẹ bá ń sin nínú ilé, oúnjẹ adìyẹ ni kí ẹ fún un, pẹ̀lú ìkarahun àti omi tó mọ́. Ẹ má fún un ní ẹja oníyọ̀, ẹ má fún un ní ọbẹ̀ yín. Ẹ má sì gbé ìbànújẹ́ yín ka ẹranko tí kò lè sọ pé òun ò fẹ́. Tí àárò òkú bá ń sọ yín, ẹ ṣe sàárà, ẹ tọrọ àforíjìn fún un. Kò sí ohun tí òkú fẹ́ fi iyọ̀ ṣe mọ́.