Ẹni Tí Inú Rẹ̀ Ń Dùn ní Ẹ̀ka Ìtàn

Bukhalfa, olórí tuntun tí wọ́n gbé wá láti Algiers, ti pinnu pé ọ̀lẹ ni gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì tí wọ́n gbé e wá sí ní Oran. Ẹ̀rí ló kù. Ó pe Zulikha, olùkọ́ onígbà-díẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa tán lẹ́yìn ìdánwò, ó ní kó lọ wádìí bóyá iṣẹ́ tẹ́ àwọn olùkọ́ lọ́rùn, àti ìdí tí wọn kò fi ń kọ ìwé jáde.

Zulikha gbé ìbéèrè rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Ọ̀kan ní akẹ́kọ̀ọ́ tí òun ń kọ́ pọ̀ ju àga lọ, àwọn kan ń jókòó sórí fèrèsé. Òmíràn ní ìpàdé ló ń jẹ gbogbo àkókò òun. Wassila, tí òun àti Zulikha jọ ń lo tábìlì kan, ní òun ti bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ kan nígbà tí òun lóyún àkọ́bí òun. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé, àpilẹ̀kọ ò tíì jáde.

Bukhalfa ka gbogbo ìdáhùn wọn, ó rẹ́rìn-ín. Ó mú Zulikha lọ sójú fèrèsé, ó nàka sí yàrá kékeré kan lódìkejì àgbàlá, níbi tí ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan jókòó, tó ń kọ̀wé.

"Ta nìyẹn?"

"Si Benaouda ni, ọ̀gá."

"Mo ti ń wò ó látìgbà tí mo ti dé. Nígbà tí gbogbo wọn yanṣẹ́ lódì, òun nìkan ló wá. Kì í kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ sẹ́nu ọ̀nà tàkúrọ̀sọ. Kò wá fi owó oṣù dà mí láàmú, kò ní òun fẹ́ ìgbéga. Ṣé ó ń kọ̀wé?"

Zulikha ní ìwé méjì ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró.

"Inú rẹ̀ ń dùn?"

"Ó ní iṣẹ́ ìwé ò dùn mọ́ òun tó báyìí rí."

Zulikha bi í bóyá kí òun pe bàbá náà wá. Bukhalfa ní ohun tí ojú òun rí ti tó. Bí ẹnì kan bá lè ṣe é lábẹ́ òrùlé yìí, gbogbo wọn lè ṣe é. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa di àṣẹ, gíwá yunifásítì máa fọwọ́ sí i ní gbangba níbi ayẹyẹ: iṣẹ́ ìkọ́ni máa pọ̀ sí i, ẹni tí kò bá sì kọ̀wé tó ti Benaouda máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bí kò bá wu Zulikha láti kọ ọ́, kó palẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ṣáájú wọn.

Zulikha kọ ọ́. Kò fi irọ́ kankan sí i. Lọ́jọ́ tó gbé e wá ni Bukhalfa sọ ọ́ di olùkọ́ gidi, ó sì buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn tàn kálẹ̀. Wassila kò kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"O kú oríire, àbúrò. O ti fi ọrùn wa ra àga."

"Ẹ bi mí ná, ta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ?"

Wassila bi í. Nígbà tó gbọ́ orúkọ náà, ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dìde lọ bá àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn olùkọ́ tí kì í wá síbi kankan ti gba ìlà iwájú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn tán, wọ́n ń pín èso déètì jẹ. Bukhalfa bú wọn dáadáa. Ó ní àwọn tó mọ bí a ti ń bu oúnjẹ kuskus lọ́jọ́ Jímọ̀ kò mọ bí a ti ń di kálàmù mú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pe Si Benaouda sórí pèpéle, wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gíwá ti tẹ́ àṣẹ náà síwájú, ó ti ṣí kálàmù rẹ̀. Ó ní kí òun tó fọwọ́ sí i, kí bàbá jọ̀wọ́ sọ ohun tó ń ṣe tí àwọn àbúrò rẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe, kí òun lè pa á láṣẹ fún gbogbo wọn.

"Ẹ fún gbogbo wọn ní ìfẹ̀yìntì," ni Si Benaouda wí, "bí wọ́n ti fún èmi náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyàwó mi tí kò fẹ́ rí mi nílé lójúmọmọ ló ń lé mi wá síbí."