Ìrẹsì Ọmọ Ẹgbẹ́

Bọ́dà ti tì, ìrẹsì ti di wúrà ní Ọjà-Ọ̀dàn, Alága Ọláoyè náà sì ti di ọlọ́run kékeré.

Ó jókòó ti àpò ìrẹsì gègèrè, kóńgò lọ́wọ́, ikùn lórí itan.

"Ẹ̀bùn ẹgbẹ́ wa nìyí o! Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan!"

Ó kan Mẹ̀dínátù lórí ìlà. Alága wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìwọ! Ṣebí ẹgbẹ́ burúkú yẹn lo dìbò fún?"

"Àwọn náà ni."

"O ò sì tijú, o gbé abọ́ wá!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun alága gbọ́dọ̀ rín ẹ̀rín alága.

"Alága, òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe."

"Òfin? Lọ gbé e kaná, kó o fi ata sí i!"

Mẹ̀dínátù pòṣé.

Ó yọ abẹ́rẹ́ kan létí gèlè rẹ̀. Òwú pupa ń fì nídìí abẹ́rẹ́ náà.

Ó nà án sí àwọn àpò. Òwú pupa kan náà ni wọ́n fi rán ẹnu gbogbo wọn.

Ta ni ò mọ̀ pé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tó fi ń rán àpò tiẹ̀?

"Alága, lánàá táwọn ọmọ yín já ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n ní bọ́dà ti tì, pé fàyàwọ́ ni mò ń tà, tí wọ́n kó ìrẹsì mi lọ, ṣé wọ́n kọ́kọ́ bi ìrẹsì náà pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe ni?"