Ẹni Tó Ń Pe Àyìnkẹ́

Orí búlọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́ tí Sìdíkátù fi ń kọ́ èèyàn ní ọbẹ̀ sísè ni Làsísì ọkọ rẹ̀ ti ka èsì kan: "Àyìnkẹ́, ìró àdìrẹ yẹn yẹ ọ́." Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i. Làsísì nìkan ló ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Àyìnkẹ́. Ìró náà sì rèé, ìrọ̀lẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ró o.

"Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ tuntun yìí?"

"Bàbá Mùtíù, ẹ ti tún gbé e dé. Ṣé ọbẹ̀ lẹ wá ń bá jowú ni?" Ó rẹ́rìn-ín lọ sídìí ààrò.

Làsísì mú fóònù ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣa lẹ́tà pọ̀ kà títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tó lè fèsì. Ó yàn án pé kí ẹnikẹ́ni má fèsì mọ́. Lójú tirẹ̀, ó ti ti olè mọ́ ìta.

Àwọn ìrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ lójijì. Ohùn kan wá dún nínú òkùnkùn níbẹ̀.

"Àyìnkẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Jáde wá."

Ohùn Làsísì gan-an ni, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni Làsísì wà. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Ó fẹ́ kígbe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ohùn rẹ̀ lọ́fun mọ́; ìta ni ohùn náà wà.

"Mo ń bọ̀, Bàbá Mùtíù," ni Sìdíkátù dáhùn, ó sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.