Sísè Tàbí Díndín

Ẹnu ya ìyá ọkọ bó ṣe wọ ilé ìdáná. Omi ń hó lórí iná, ìyàwó sì ń ju sọ́sééjì ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ìlú Stornoway, tí ẹ máa ń dín in, lò ń sè é? Ṣebí o ní aláìsàn ló ń jẹ sísè?"

"Bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ní Bury, ìlú yín, nìyẹn, Màmá. Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń jà nítorí oúnjẹ àárọ̀ Ellis, ọmọ ọ̀kan, ọkọ èkejì.

Ìyá gbé páànù kaná, ó da ọ̀rá sí i.

"Màá dín tìrẹ, ọmọ mi. Ta la tún fẹ́ jà lé lórí?"

Wọ́n jẹun títí ọkọ̀ tó gbé pósí Ellis fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.