Bátìrì Méjì Nínú Ọkọ̀ Ìṣeré Ilésanmí

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má kàn fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á débi tó parí sí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ìwọ tó o máa ń sọ pé, "Kí ni mi ò mọ̀ níbẹ̀?"

Suleiman ń ṣe wáyà mọ́tò ní Ìkàrẹ́. Ó mọṣẹ́, kò sírọ́ níbẹ̀. Tírélà tó bá kú sójú ọ̀nà, òun ni wọ́n ń sáré wá pè. Àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ pọ̀! Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà ni Ilésanmí, télọ̀ kan l'Ọ̀kà. Bàbá ọlọ́mọ ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí. Lọ́jọ́ kejì Iléyá lọ́dọọdún, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, á pàdé lórí àpáta pẹrẹsẹ kan l'Ọ̀kà, níbi tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí. Wọ́n á bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n sún láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eré yá nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ilésanmí gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá bá Suleiman.

"Sùlè, kò sáré mọ́. Mo ti ṣáàjì bátìrì rẹ̀ dáadáa. Bá mi wò ó, ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀ o. Wọ́n kọ iye fọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára iná, tó ń lò síbẹ̀."

"Ìwọ télọ̀ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Lọ rán bùbá Iléyá mi jàre!"

"Ó ku apá."

"Mo mọ̀! Wàá tún já mi kulẹ̀ lọ́dún yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n túká.

Ẹ wá gbọ́ o. Nínú tírélà, bátìrì méjì ni wọ́n máa ń so tẹ̀ léra wọn, kí fọ́ọ̀tì lè di ìlọ́po méjì, torí ohun tí tírélà ń béèrè nìyẹn. Suleiman ò tilẹ̀ yí ọkọ̀ ìṣeré yẹn padà wo ìdí rẹ̀. Ó wá bátìrì kejì tó jọ ti àkọ́kọ́, ó so wọ́n pọ̀ bíi ti tírélà, ó fi téèpù dì wọ́n sínú. Ọkọ̀ tí fọ́ọ̀tì méje àti díẹ̀ tó, ó fún un ní mẹ́rìnlá ó lé. Orí àpáta ló ti gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo kàn nu ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà máa wò."

Ilésanmí tẹ rìmóòtù. Háà! Ọkọ̀ náà fò fẹ̀rẹ̀, ó fi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ariwo sọ. Suleiman ti ń lanu láti fọ́nnu nígbà tí èéfín yọ. Iná tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà sì dorí kọ láfún àwọn obìnrin. Ilésanmí sáré tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e kó lè jù ú nù. Bátìrì bú gbàù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé Ilésanmí lọ sọ́sibítù tó ń ké, Suleiman bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa wáyà tó fi so bátìrì méjèèjì, ó tì í bọ àpò.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Ilésanmí ní, "Èmi ni mo fà á. Mo fi bátìrì sórí ṣájà lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kún jù."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Suleiman ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ṣé ẹ gbọ́? Pẹ̀lẹ́ nìkan!

Ojoojúmọ́ ló ń gbé ọsàn wá. Florence, ìyàwó Ilésanmí, á kúnlẹ̀ fún un: "Bàbá Fatimah, Ọlọ́run á san án fún yín." Àdúrà yẹn ń gún un láyà. Kò lè jẹun. Tó bá kírun, ọwọ́ Ilésanmí ló ń rí.

Ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ká mọ́. Kò lè di sísọ́ọ̀sì mú. Bó ṣe di pé ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn, ó ránṣẹ́ pe Suleiman, ó gbé bùbá kan lé e lọ́wọ́. Bùbá Iléyá yẹn ni.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi rán apá tó kù. Kò gún, má bínú. O ti gbìyànjú fún mi."

Suleiman wo bí okùn ṣe wọ́ kiri lára apá aṣọ náà. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó yọ wáyà látinú àpò, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ilésanmí gba wáyà náà, ó yí i wò.

"Sùlè, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bú ara mi. O jókòó tì mí, ò ń wò mí."

"Dárí jì mí. Jẹ́ kí n dá aṣọ náà padà."

"Rárá. Máa wọ̀ ọ́."

Ó sì ń wọ̀ ọ́. Gbogbo Iléyá, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, "Ta ló rán apá aṣọ yín báyìí?" ó di dandan kó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yí ọkọ̀ ìṣeré yẹn padà, kí ẹ ka ìdí rẹ̀. Fọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sí bátìrì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ọkọ̀ náà ń béèrè mu. Ẹ má fi kún un nítorí eré sísá. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tẹ́ ẹ ṣe léṣe tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi.