Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Wá Láti Òkè Òkun

Kò sí àga tó ní ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn ìránṣọ náà. Orí bẹ́ǹṣì ni àwọn obìnrin ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ̀ gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé kí ọ̀gá tó ní kó máa lọ.

Kálukú ló ní ibi tó ń rán. Ìyá Alápá ló ń rán apá. Àwọn kan ń rán àpò àyà. Ọrùn ni ti Adájọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Adájọ́, nítorí pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti rán ọrùn tán, á fi ọwọ́ ta òwú tó ṣẹ́ kù ní kókó sí àárín ẹ̀yìn ọrùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Á lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fà á. Kókó tirẹ̀ máa ń dojú kọ ọ̀tún. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dojú kọ òsì, torí ọwọ́ òsì ni ìyẹn fi ń ṣe ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú àpò ńlá, láìlọ̀ wọ́n, láìfi bọ́tìnnì sí wọn, ọkọ̀ á sì gbé wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè òkun, nílé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí Adájọ́ wà náà ló ni ín. Bí ọjọ́ ìsinmi bá pé, wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù.

"Ṣé àga yín ní ẹ̀yìn?" ni Adájọ́ bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó ní ẹ̀yìn, ó tún ní tìmùtìmù."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

"Màá dìde, màá lọ. Ta ló fẹ́ bi mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni pé owó ọ̀sẹ̀ kan yín ju owó oṣù mẹ́ta wa lọ?"

"Òótọ́ ni. Owó ilé ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

"A jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn á le gan-an."

"Kò le. Ibi tí abẹ́rẹ́ mi ń rìn dé lára ṣẹ́ẹ̀tì kan kò gùn ju àtàǹpàkò lọ."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tíì fi àwàdà yín sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bí ọmọ Adájọ́ ṣe ń ṣe sí.

Ọ̀rọ̀ àga ẹlẹ́yìn yìí ló kọ́kọ́ tàn ká gbọ̀ngàn, ti owó sì tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin náà pa ẹ̀rọ wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní tàn án mọ́, àfi bí wọ́n bá fi kún owó àwọn. Ẹ̀yìn ti ń dun Ìyá Alápá débi pé ńṣe ni wọ́n ń fà á dìde nírọ̀lẹ́. Adájọ́ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

"Ẹni kan náà ló ni wá, sà," ni ó wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rán, ṣẹ́ẹ̀tì làwa náà ń rán. Ó yẹ kí owó wa sún mọ́ tiwọn."

Ọ̀gá kò bínú. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì mú ṣẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú ọra. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró gbagidi bíi páálí. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀dọ̀ wọn lèyí ti wá. Owó wọn lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo iṣẹ́ wọn. Adájọ́, gbogbo wọn ló gbà pé o kì í parọ́. Wò ó fúnra ẹ. Bí kò bá dáa ju tiyín lọ, màá fi kún owó yín lóṣù yìí. Bó bá dáa jù, kálukú á padà sídìí ẹ̀rọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó mọ́."

"A gbà!" Ìyá Alápá ló pariwo láti ẹ̀yìn. "Adájọ́, la ojú ẹ dáadáa o! Bí apá yẹn bá wọ́ bíńtín, má bò ó láṣìírí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkàn wọn balẹ̀.

Adájọ́ fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán èjìká. Ó gún régé. Ó wo apá, kò hunjọ níbì kankan. Ó ṣí ọrùn. Àmì ilé iṣẹ́ òkè òkun, aṣọ pélébé tó ní orúkọ wọn, wà níbẹ̀, wọ́n rán an mọ́ àárín ẹ̀yìn ọrùn, òwú rẹ̀ ń kọ mànà. Létí àmì náà, kókó kékeré kan wà. Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dojú kọ òsì.

Ó ti pẹ́ tó ti fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi ìka sí i, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kò dáa, àbí?" ni Ìyá Alápá wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán an," ni Adájọ́ dáhùn. "Ó dáa ju tiwa lọ."

"Apá ẹ̀ náà?"

"Apá ẹ̀ náà, mà."

Ìyá Alápá rọra jókòó. Ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi ń dún.

Ọ̀gá fi ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sára ìṣó lórí ẹ̀rọ Adájọ́ kí wọ́n lè máa rí àpẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní Adájọ́ mọ́. "Àbúrò Òkè Òkun" ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ìyá Alápá kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan jókòó sí àyè rẹ̀.

"Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ yín," ni Adájọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. "Wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì yín kọ́ síwájú mi. Mò ń kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rán an."

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Oorun ń kùn mí." Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò gbé fóònù.

Nígbà tí eruku bo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀gá ní kí Adájọ́ fọ̀ ọ́; inú omi ni òwú àmì náà ti já lápá kan, tí ó ṣí sílẹ̀, lábẹ́ rẹ̀, níbi tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, kókó kan wà tí wọ́n lọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dojú kọ ọ̀tún, bíi tirẹ̀.